Bẹ́ẹ ṣe lè fi òwú àràbà àti aṣọ òwú yọ ọ́ìlì kúrò nínú omi

Ẹ̀yin mẹ̀káníìkì wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), omi tẹ́ẹ fi fọ irin, tí ọ́ìlì fìdánjì, ìyẹn ògbólógbòó ọ́ìlì tẹ́ẹ dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ń dán lójú ẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á sí gọ́tà mọ́. Tójò bá ti rọ̀, inú ọ̀sà ló ń lọ, ọ̀sà yẹn náà la sì ti ń pẹja jẹ. A ò nílò àsẹ́ oníke olówó gọbọi tí kì í jẹrà, nǹkan tó máa ṣe é wà nílé.

Òwú inú èso àràbà ní nǹkan bí ìda lára, inú fọ́nrán ẹ̀ sì ṣófo, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ omi tó ń fa ọ́ìlì mu. Aṣọ òwú ní tiẹ̀, omi ló fẹ́, tómi bá ti kún inú ẹ̀, ọ́ìlì ò ráyè wọlé.

Ẹ jẹ́ kómi náà sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú, iyanrìn á lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì á léfòó. Ẹ tẹ́ òwú àràbà sójú ẹ̀, ẹ̀ ń wò ó báyìí lá ṣe máa dúdú, ẹ yọ ọ́, ẹ fún ọ́ìlì ẹ̀ sínú bídọ̀n (kẹ́ẹ̀gì), ẹ tún dá òwú náà padà. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, ìda ara ẹ̀ á lọ.

Ó wá ku aṣọ, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá aṣọ òwú tó hun pọ̀ dáadáa, tí ò ní náílọ́ọ̀nù nínú, ẹ fi ọṣẹ sè é, ẹ ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán pátápátá. Ẹ kán omi sí i nígbà tó bá gbẹ: tómi bá dúró roboto lójú ẹ̀, ẹ tún un sè, tó bá mu ún lójú ẹsẹ̀, ó ti dáa nìyẹn. Ẹ ṣẹ́ ẹ po méjì, ẹ so ó mọ́ ẹnu bídọ̀n mìíràn tẹ́ẹ gé, kẹ́ẹ wá fi omi tó mọ́ rẹ ẹ́ kí ọ́ìlì tó kàn án, torí tí ọ́ìlì bá kọ́kọ́ kan aṣọ gbígbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àtomi àti ọ́ìlì ló máa jọ kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ẹ máa da omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sí i, kó má ju ìka méjì lọ lórí aṣọ, tó bá pọ̀ jù ìwúwo ẹ̀ á ti ọ́ìlì gba ojú ihò kọjá, ẹ má sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Omi tí wọ́n ti po ọṣẹ mọ́, tó funfun bíi wàrà, aṣọ yìí ò ràn án, torí ọ́ìlì inú ẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má da ọṣẹ pọ̀ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Omi tó jáde, irin ni kẹ́ẹ tún fi fọ̀, kì í ṣe fún mímu, ẹ má sì bu ú wọ́n ẹ̀fọ́, ohun tó ti yòrò sínú ẹ̀ aṣọ ò lè mú un. Bídọ̀n ọ́ìlì, ẹ dé e, kó jìnnà síná, ẹ má sì fi kpayò, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, dán èyí wò rárá, iná lè sọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àràbà ń la, ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tígi ẹ̀ wà nítòsí yín, ẹ ṣa á kójò tó dé, ẹ yọ kóró inú ẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó gbẹ.