Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ọlọ inú bá farapa tí wọn kò sì la ikùn

Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú lọ́nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, tàbí tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, lè fi ọlọ inú ṣèṣe, ìyẹn ẹ̀yà ara abẹ́ egungun ìhà òsì tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dúró dáadáa, dókítà kì í sábà la ikùn. Wọ́n á dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á máa ṣọ́ ọ.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ó sọ pé ara òun ti yá, kó má padà lọ ya àwòrán tí wọ́n ní kó wá yà. Òpójẹ̀ tó ya nínú ọlọ inú lè yọ kókó bíi táyà kẹ̀kẹ́, kó má dun ènìyàn rárá títí ọjọ́ tó máa bẹ́. Kókó yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ipele 1 dé 5 ni dókítà fi ń wọn ọgbẹ́ ọlọ inú, 1 ló fúyẹ́ jù, 5 ló le jù. Fún ọgbẹ́ tó le, ipele 3 sí 5, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń tún CT ṣe, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán yà, láàárín wákàtí 48 sí 72.

Ẹ má sì fi dandan béèrè CT fún ipele 1 tàbí 2 tí ara ń bọ̀ sípò. Owó ńlá ni, ìtànṣán rẹ̀ kò sì yẹ ọmọdé láìnídìí. Síkáànù lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, lè fi ẹ̀jẹ̀ inú ikùn hàn, ṣùgbọ́n ó lè má rí kókó yẹn. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ló fẹ́. Ẹ mú fíìmù àkọ́kọ́ dání. Láìsí i, ta ló máa mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ń kéré àbí ó ń gbòòrò?

Ní Èkìtì wa, iyán ni mo ń bẹ̀rù jù. Bí ènìyàn ṣe ń gbé ọmọ odó sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ikùn ló ń fún pọ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ọgbẹ́ kékeré ń fẹ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, èyí tó le lè gba oṣù 2 sí 4. Bọ́ọ̀lù ńkọ́, gígun ọ̀pẹ ńkọ́? Rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ níkùn.

Bí ikùn bá ń wú, tí èjìká òsì ń dùn ún láìgbá nǹkan kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tó wà nínú káàdì. Ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà sí ọsibítù tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ, irú àwọn ti Adó àti Ìdó, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè pé ọlọ inú rẹ̀ ti farapa.