Ènìyàn márùn-ún péré: bí mo ṣe dá kíláàsì Pilates mi sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Owó tí ọ̀rọ̀ yàrá gbà lọ́wọ́ mi ju owó tí mo fi kọ́ iṣẹ́ Pilates lọ, ìdárayá tó ń fi èémí àti ìfarabalẹ̀ mú iṣan ikùn àti ẹ̀yìn lágbára, inú ṣì ń bí mi títí di òní. Mo ń kọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ ènìyàn díẹ̀ díẹ̀ lè mọ ibi tí ìdààmú wà gan-an. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ fún mi ni pé kí n ra ẹ̀rọ, kí n gba ìwé ẹ̀rí, kí n ṣí Instagram. Kò sẹ́ni tó dárúkọ onílé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ènìyàn márùn-ún? Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo wá lọ sanwó sí kíláàsì Pilates ní jíìmù ńlá kan. A pọ̀ débi pé apá ẹnìkan ń gbá apá ẹnìkejì. Orin ń dún kíkan, olùkọ́ wà níwájú pẹ̀lú máíkì. Bí mo bá ti gbé orí àti èjìká sókè, àárín ikùn mi á yọ ṣóńṣó. Kò rí i rí. Báwo ni ì bá ṣe rí i láàárín gbogbo wa? Físíò kan, ẹni tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, ló fi ìka tẹ ikùn mi tó sọ pé iṣan tó pínyà nígbà oyún kò tíì padà pàdé, pé irú ìdárayá yẹn kò yẹ mí nígbà náà. Mo ti fi owó mi ra ìrora kún ìrora.

Joseph Pilates fúnra rẹ̀, ẹni tó dá ìdárayá yìí sílẹ̀, kò kọ́ni báyìí. Ọmọ Jámánì ni, wọ́n bí i ní Mönchengladbach ní 1883. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì há a mọ́ àgọ́ ní erékùṣù Isle of Man, kò sì dẹ́kun ìdárayá níbẹ̀. Ní 1926 ló kọjá sí New York, òun àti Clara, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sì ṣí ibi iṣẹ́ sí Eighth Avenue, níbi tí àwọn oníjó ti ń wá tún ara ṣe. Ara ẹni kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò, ohun tó yẹ ẹni náà ni wọ́n sì ń fún un ṣe. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ìgbéraga ni mi ò fi gba èrò, ó máa ń dùn mí.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àti ìdánwò. Ẹ kọ́ ọ níbi tí ẹ ó ti fọwọ́ kan ara ènìyàn, kó má jẹ́ orí fídíò nìkan. Reformer, ẹ̀rọ tí pákó rẹ̀ ń yí lórí irin pẹ̀lú sípíríǹgì, mi ò rà á. Ìdárayá 34 ló wà nínú ìwé tí Pilates gbé jáde ní 1945, orí ilẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Máàtì tó nípọn ni kí ẹ rà. Èyí tó fẹ́lẹ́ kò gba egungun ẹ̀yìn lọ́wọ́ ilẹ̀ táìlì.

Ó wá kan yàrá. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: ibi tí mo lè tẹ́ máàtì márùn-ún sí kí n sì rìn yí ẹni kọ̀ọ̀kan ká, ilẹ̀ tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí màá fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ́jẹ́ǹtì kan mú mi káàkiri Bodija, gbogbo ìgbà tá a bá sì jáde ló ń gbowó. Nígbà tá a rí ọ̀kan, wọ́n ní kí n san ọdún méjì, owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀. Mo san án.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí onílé fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka bàtà. Ó ní, "Màdáàmù, àwọn márùn-ún yìí náà nìyí? Yàrá yìí gba ogún o." Mo ṣàlàyé fún un pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní òun ti rí i ní Èkó, èrò ló ń wọ́ síbẹ̀. Nígbà tó tún padà wá, ó ní ká pa àdéhùn àkọ́kọ́ tì, kí n máa san iye kan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, òun á sì bá mi kó èrò wá. Mo kọ̀. Mo fi ìwé tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí hàn án. Ó ní ilé òun ni.

Àtìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ti ṣí wá sábẹ́ fèrèsé mi. Èéfín ń wọlé bá àwọn tí mo ní kí wọ́n mí sínú dáadáa! Mo ti fèrèsé, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lẹ́yìn náà ló yá yàrá ẹ̀gbẹ́ mi fún àwọn tó ń fi gbohùngbohùn dánrawò, ní wákàtí tó mọ̀ pé mo ń kọ́ni gan-an. Mo pe ẹ́jẹ́ǹtì, kò gbé e. Mo bèèrè owó mi, onílé ní òun ti ná an.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Bàbá ka àdéhùn náà sókè ketekete, wọ́n wá bi onílé mi pé ibo ni wọ́n kọ iye ènìyàn sí nínú rẹ̀. Kò rí èsì fọ̀. Síbẹ̀ ó ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, ìpàdé ń di ìpàdé. Díẹ̀ díẹ̀ ló fi san owó ọdún kejì padà. Owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù bómi lọ.

Kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń lò báyìí. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọlé, a ó kó àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, oṣooṣù ni mo sì ń sanwó fún Màmá tó ni ilé ìwé náà. Tó bá jẹ́ òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀, irú ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wá: ilé ìwé, gbọ̀ngàn ìjọ, ibikíbi tó ti níṣẹ́ láàárọ̀ tó sì ṣófo lọ́sàn-án. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ariwo sínú àdéhùn pẹ̀lú.

Ẹ wá wo ohun tí ènìyàn márùn-ún ń jẹ́ kí n lè ṣe. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì wà lọ́dọ̀ mi, dókítà ní egungun wọn ti ń di ẹlẹgẹ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ká ẹ̀yìn síwájú tàbí kí wọ́n yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Ìdojúbolẹ̀ àti ìdúró la fi ń mú ẹ̀yìn wọn lágbára. Aránṣọ kan wà tí ìtẹríba sórí ẹ̀rọ ti ba ọrùn rẹ̀ jẹ́. Aláboyún kan wà tí mi ò jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ láti ìgbà tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta. Bí a bá ń ṣe ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Hundred, tí a ń ju ọwọ́ sókè sódò, tí a ń mí sínú fún márùn-ún tí a sì ń mí síta fún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, aránṣọ á gbé orí lé ìrọ̀rí, olùkọ́ ò ní gbé orí rárá, aláboyún á jókòó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fọwọ́ kan ìhà yín? Ẹ mí kó dé ọwọ́ mi." Ọjọ́ tí èémí Màmá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì yẹn kọ́kọ́ dé àtẹ́lẹwọ́ mi, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Aránṣọ náà sì ti ń yí ọrùn wẹ̀yìn báyìí láìyí gbogbo ara.

Ní ti owó, ẹ ṣírò rẹ̀ sórí ènìyàn mẹ́rin, nítorí ẹnìkan kì í sábà wá, kí ẹ sì gba ti oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ti jíìmù kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Mo máa ń ní kí wọ́n bi olùkọ́ ibẹ̀ pé èwo nínú èjìká wọn ló ga ju èkejì lọ. Ní ti ẹni kẹfà tó ń bẹ̀ mí, wákàtí mìíràn ni mo ṣí fún un ní Sátidé. Mi ò tẹ́ máàtì kẹfà.