Bẹ́ ẹ ṣe máa lo ELT àti CVR nínú bàálù kékeré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bàálù wíwà ní Zaria, ẹ má fojú kékeré wo ELT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànwọ́ lórí rédíò tí bàálù bá já o. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wo swíìṣì ẹ̀, orí ARM ló yẹ kó wà, ìyẹn ló máa jẹ́ kó ké fúnra ẹ̀ tí bàálù bá já lulẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, TEST ni kẹ́ ẹ tẹ̀ bí ìwé ẹ̀ ṣe sọ, ẹ má gbé e sí ON, torí ìgbì rédíò 406 MHz tó fi ń ké, tààrà sí sátẹ́láìtì ló ń lọ, àwọn NEMA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí pàjáwìrì, l'Abuja á sì gbà pé ẹ ti já lóòótọ́. Ẹ rí i pé ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ bàálù tó ń ké. Láti 2009, sátẹ́láìtì ò gbọ́ 121.5 MHz, ìyẹn ìgbì rédíò pàjáwìrì, mọ́. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá balẹ̀ tán, ẹ yí rédíò sí 121.5 yẹn kẹ́ ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, pàápàá tẹ́ ẹ bá balẹ̀ gbìì, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "wíù, wíù, wíù", ẹ yáa lọ wo tiyín ná.

CVR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àwọn awakọ̀ bàálù sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ò tiẹ̀ ní in. Tó bá wà, ẹ tẹ TEST, ẹ dúró de iná gríìn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dúró sílẹ̀, ẹ fa brẹ́kà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ yọ kíá, torí àwọn ti àtijọ́ ò gbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ariwo yín lásán ló máa gbà lé e.