Kọ́kọ́rọ́ Méjì Ni Wáìfáì Ilé Ní

Bí dátà oṣù kan bá ń tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí àwọn ọmọ sì ń búra pé àwọn ò wo fídíò, ẹ má tíì bínú sí wọn. Ní ilé tí yàrá ti kọjú síra ní Ọjà-Ọba tàbí Òkè-Baálẹ̀, wáìfáì kì í mọ ibi tí ògiri yín parí sí. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé kejì ń rí i bíi tiyín. Lọ́pọ̀ ìgbà, olè kọ́ ló já a wọlé. Àwa fúnra wa la fún un ní páásíwọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ fi ṣe nǹkan fún ìṣẹ́jú méjì.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Gbogbo ilé ló mọ èkíní, páásíwọ́ọ̀dù wáìfáì. Èkejì ni ti inú ráútà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé wáìfáì jáde, níbi tí a ti ń yí ohun gbogbo padà, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi sílẹ̀ ní “admin” bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á. Ẹni tó bá ti wà lórí wáìfáì yín lè fi “admin” yẹn wọlé, kó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kó sì ti ẹ̀yin onílé mọ́ta. Torí náà, èkejì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ dojú ráútà dé. Nọ́ńbà kan wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀: 192.168.0.1, 192.168.1.1, 192.168.8.1 tàbí èyí tó jọ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè Chrome níbi tí a ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí, lórí fóònù tó ti wà lórí wáìfáì náà. Bí kò bá ṣí, ẹ pa dátà síìmù ná. Bí dátà ráútà bá ti tán, fóònù míì á sá lọ sórí síìmù láìsọ fún yín. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá Administration tàbí System, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń tọ́jú pamọ́. Ẹ má kọ ọ́ sára ráútà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Wireless tàbí WLAN, níbi tí Security wà. Orúkọ oríṣi ààbò wáìfáì lẹ ó rí níbẹ̀. Ẹ mú WPA3, tàbí WPA2 pẹ̀lú AES bí fóònù àtijọ́ bá wà nínú ilé. WEP ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù wáìfáì kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, kò sì lè ju 63 lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan ló dáa jù, bíi isu-keke-aro-ferese-omi (ẹ má lo èyí o, ẹ ṣe tiyín). Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má sì lo ẹ́ àti ṣ: tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ní rí wọn tẹ̀. Oríkì ilé náà ò dáa, gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ pa WPS, ọ̀nà àbùjá tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ wáìfáì láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà 8 ni PIN rẹ̀, ó sì dà bíi pé ó le, ṣùgbọ́n ráútà máa ń sọ bóyá mẹ́rin àkọ́kọ́ tọ̀nà kó tó kan ìyókù, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ìṣirò lásán láti ara àwọn tó ṣáájú. Ohun tó kù fún olè láti dán wò kò ju 11,000 lọ. Láti 2011 ni àṣírí yìí ti tú.

Fífi orúkọ wáìfáì pamọ́ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Guest Network, wáìfáì ọ̀tọ̀ fún àlejò, ló wúlò, pàápàá nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ tàbí nígbà Iléyá tí àlejò bá kún ilé. Ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ẹ sì pa á nígbà tí wọ́n bá lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe sọ́fítíwíà ráútà, orí inverter ni kó wà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ráútà lè kú pátápátá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa ihò reset pẹ̀lú: bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́, “admin” ti padà dé nìyẹn.

Ó ku kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ń lò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àkántì kan ṣoṣo tó jẹ́ Administrator, tí bàbá, ìyá àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jọ ń wọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí ọmọ bá tẹ̀ á ní agbára bàbá. Nínú Settings, Accounts, Other users, ẹ dá àkántì Standard, tí agbára rẹ̀ kéré, fún oníkálukú, kí Administrator wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù. Bí Windows 10 ló ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ rántí pé Microsoft ti dá ìtọ́jú rẹ̀ déédéé dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025.

Fíláàṣì tó lọ sí ìsọ̀ ìtẹ̀wé ló ń kó àìsàn wálé jù. Ẹ ó rí i pé fódà yín ti ní ọfà kékeré lára. Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ayédèrú tí fáírọ́ọ̀sì ṣe nìyẹn. Fódà gidi ṣì wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kàn fi í pamọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ fíláàṣì náà wò tán, kí ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ sì tẹ èyí láti mú fódà gidi jáde, bí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fíláàṣì bá jẹ́ E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àwọn míì máa ń fi WhatsApp gbé fáìlì sórí kọ̀ǹpútà ìsọ̀ dípò fíláàṣì, wọn a sì gbàgbé láti jáde. Ẹ ṣí WhatsApp lórí fóònù, ẹ lọ sí Linked devices. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tilé yín níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ Log out.