Àṣìṣe Tí Ń Ba Àwòrán Ẹyẹ àti Òdòdó Ilẹ̀ Japan Jẹ́

Bí àwòrán ẹyẹ àti òdòdó tí àwọn ará Japan ń pè ní kachō-e, tí wọ́n fi pákó fínfín tẹ̀ sórí ìwé, bá tẹ ẹnìkan lọ́wọ́, ògiri tí oòrùn ń tàn sí ló sábà máa ń gbé e kọ́, kí ojú àwòrán lè mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n ń lò láyé ayàwòrán Hiroshige (1797–1858) kì í ṣe ọ̀dà. Oje ewéko wà lára wọn, inú ìwé ló sì wọ̀ sí. Búlúù àtijọ́ kan wá láti ara òdòdó tsuyukusa, ìbátan gọ̀dọ̀gbọ̀dọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣá a kíákíá. Bí omi bá sì kàn án, ó lè dà bí iyanrìn. Pupa tí wọ́n fún láti ara òdòdó beni náà kì í pẹ́ ṣá. Búlúù tó ti Yúróòpù wá, tó gbòde ní Japan láti nǹkan bí 1830, ló lágbára jù wọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí omi odò fi lè ṣú dùdù nínú àwòrán kan, tí òdòdó etí odò náà sì ti funfun. Èyí tó bá ti ṣá ti ṣá nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kì í dé ni kí ẹ gbé e kọ́.

Ti ẹyẹ funfun ló ń dùn mí jù. Ẹ wo lékeléke inú òjò dídì: lójú lásán, ìwé funfun lásán ni. Ẹ gbé e dábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ìyẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó tí wọn kò fi àwọ̀ kankan sí ni wọ́n gbé ìwé tútù lé, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìgúnpá. Ẹni tó bá lọ áyọ́ọ̀nù sí irú àwòrán yìí, tàbí tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kó lè tẹ́jú, ó ti tẹ ìyẹ́ ẹyẹ rẹ́. Kí gíláàsì férémù pàápàá má ṣe kàn án: ẹ fi páálí tí kò ní ásíìdì, tí wọ́n gé àárín rẹ̀, sáàárín wọn.

Sẹlotéèpù ńkọ́? Rárá. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í kúrò. Ẹ má sì gé etí ìwé kó lè wọ férémù, torí èdìdì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde lè wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ má wo orúkọ ayàwòrán nìkan. Ayàwòrán bíi Ohara Koson (1877–1945) yà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló fín pákó, ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ yí ẹ̀yìn ìwé wò. Àwọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ sábà máa ń là kọjá sẹ́yìn, ipa baren, ìyẹn pádì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn ìwé mọ́ pákó, sì lè hàn níbẹ̀ roboto-roboto. Bí ẹ̀yìn bá funfun báláú, tí awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sì fi àmì tóótòòtó hàn yín níwájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.