Bí ẹ ṣe lè ṣàbẹ̀wò sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin kí ó sì wúlò fún yín

Ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìlọrin kò tóbi. Ẹni tó bá ń kánjú lè tètè yí i po, kó jáde, kó sì máa sọ fáwọn ará ilé pé ẹranko tó ń sùn lòun rí. Ibi ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni, bó ti jẹ́ ibi ìran-wíwò. Ìdúró ló gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ẹ ní kí ẹnì kan tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá yín béèrè ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣí, àti owó ìwọlé, torí owó kì í dúró sójú kan. Tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ kó lọ, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀: èrò máa ń pọ̀, ariwo sì máa ń lé ẹranko wọ kọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ti Ọ̀fà wá, tó sọ̀ ní Gárééjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, á wọ márúwá tàbí takisí lọ sí àdúgbò Tanke, á gba ibẹ̀ dé gétì yunifásítì. Ọ̀nà láti gétì wọ inú ọgbà ṣì gùn, ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ mú omi àti fìlà dání, kí ẹ sì tètè dé. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn á ti lé ọ̀pọ̀ ẹranko sábẹ́ ibòji. Kìnnìún lè sinmi fún wákàtí 16 sí 20 lójúmọ́. Ẹtà ní tiẹ̀, òru ló ń rìn.

Tí bàbá kan bá wà nílé yín tó ti ṣọdẹ rí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ. Ó mọ ibi tí ẹtu máa ń sá sí, ó mọ bí ọ̀yà ṣe ń gé koríko, ó sì lè ki ẹranko. Ọmọ tó bá gbọ́ oríkì ẹranko lẹ́nu bàbá àgbà, níwájú ẹranko náà gan-an, kò ní tètè gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ mú ẹranko méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ dúró tì wọ́n pẹ́. Tí ẹ bá rí ìjímèrè, ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn. Nínú gbogbo ọ̀bọ ayé, òun ló yára jù: ó lè sá eré tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Ẹranko pápá ọ̀dàn bíi tiwa ní Kwara ni, eré yẹn ló sì fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá níbi tí igi ò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì ló ń dùn mí jù. Àwọn èèyàn á rí i tó dùbúlẹ̀ láìmira, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò tàbí ike omi lù ú. Kò kú o. Ara rẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ mú ooru jáde bíi tiwa, oòrùn ló ń yá. Tí ooru bá pọ̀ jù, á la ẹnu sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tutù. Ike àti owó ẹyọ tí wọ́n bá jù sínú omi rẹ̀, ó lè gbé e mì, kó sì gba ibẹ̀ kú. Ẹ bá àwọn ọmọ yín wí kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ẹ má fún ọ̀bọ ní ẹ̀pà tàbí bísíkíìtì, bó ti wù kó na ọwọ́ tó. Ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, kó dúró sílé lọ́jọ́ náà, torí àìsàn wa máa ń ran ọ̀bọ. Ẹ pa iná fóònù tí ẹ bá ń ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kí olùtọ́jú ẹranko dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ bi í pé kí ni ẹranko yìí ń jẹ, ìgbà wo ló ń jẹun, báwo sì ni òun olùtọ́jú ṣe ń mọ̀ pé ara ẹranko náà ò yá. Ẹni tó ń kó ìgbẹ́ wọn lójoojúmọ́ mọ̀ wọ́n ju ohun tó wà lára pátákó lọ. Ẹ tún béèrè ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ́wọ́. Ìbéèrè tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹranko nínú yunifásítì kan náà.

Kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́.