Bí Mo Ṣe Pa Ariwo Abẹ́ Corolla Mi Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì

Corolla 2005 ni mò ń wà, Ìbàdàn sì ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ kòtò ojú ọ̀nà wa kò ní bèèrè ohun tó pa ṣọ́ọ̀kì iwájú. Ọjà Àgódì Gate ni mo ti ra òmíràn: ṣọ́ọ̀kì, líńkéèjì (ọ̀pá kékeré tó so ọ̀pá stabilizer mọ́ ṣọ́ọ̀kì) àti lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so ìdí táyà mọ́ ara ọkọ̀), méjì-méjì. Tuntun inú páálí ni gbogbo wọn, àmọ́ kì í ṣe ilé iṣẹ́ Toyota ló ṣe wọ́n. Owó ojúlówó ju agbára mi lọ, n kò sì fẹ́ tòkunbọ̀, torí rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mẹkáníìkì kan bá mi dè wọ́n. Kí n tó délé, ọkọ̀ ti ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ní kí n dá ẹrù padà fún ẹni tó tà á, pé ayédèrú ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹrù tí kì í ṣe ojúlówó lè má pẹ́, àmọ́ kì í sábà kú lọ́jọ́ tí a dè é. Ariwo tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe de ẹrù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Etí ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Mo pa rédíò, mo sọ gíláàsì sílẹ̀, mo rọra wa ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ìró rẹ̀ lè máa padà bọ̀ sí mi létí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ariwo náà kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó ń dún kà-kà-kà, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń jí i. Tí ọ̀nà bá tẹ́jú, á dákẹ́. Òmíràn ń han bí ilẹ̀kùn onírin tó ti dípẹtà nígbà tí mo bá ń gun bọ́ǹpù. Ẹ̀kẹta á dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo bá yí sítíárì lórí ìdúró. Ẹni tó bá kó irú wọn pọ̀ tó pè wọ́n ní àìsàn kan náà, yóò máa ra ẹrù títí owó á fi tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kà-kà-kà torí òun ló rọrùn. Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, mo fi jáákì gbé iwájú ọkọ̀, mo sì gbé e lé stáǹdì irin méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáákì nìkan ló gbé e dúró. Táyà iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ pọ̀. Tí ọ̀kan bá ṣì wà nílẹ̀, ọ̀pá stabilizer, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù, yóò máa fa líńkéèjì, kò sì ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nọ́ọ̀tù tó ń gba sípánà 17 ló dè é. Tí bóòtù bá ń bá sípánà yí, ẹ fi allen key (irin onígun mẹ́fà) di ẹnu rẹ̀ mú. Mo tú líńkéèjì méjèèjì, mo fi wáyà so wọ́n kí wọ́n má máa gbá nǹkan, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo sì wà á jẹ́jẹ́ ládùúgbò. Kà-kà-kà dákẹ́. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, orí wọn le dáadáa, kò mì rárá. Àmọ́ ibi tí ìdí wọn jókòó lé ti ń dán, irin ti ń ha irin níbẹ̀: nọ́ọ̀tù kò fún tó. Mo yá torque wrench, sípánà tó ń díwọ̀n bí a ṣe fún nọ́ọ̀tù tó, mo dè wọ́n sí 74 Nm (Newton metre, òṣùwọ̀n agbára tí a fi fún un). Ó tán síbẹ̀.

Fún ti gbì, mo ní kí àbúrò mi jókòó sídìí sítíárì, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀, èmi sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara sípíríngì láti ìta. Ẹ má ti ìka bọ àárín rẹ̀ o. Ti apá òsì kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ló ta. Mo tan iná sí i, mo rí i pé ẹnu sípíríngì kò sí lójú ihò tí wọ́n ṣe fún un ní ìsàlẹ̀, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ sì ti ká sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ojú bóòtù kí n tó tú u, mo yọ ṣọ́ọ̀kì náà lódindi, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní irin tí wọ́n fi ń fún sípíríngì pọ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Sípíríngì tó bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lè pa á. Wọ́n tún un gbé jókòó, mo gbé e padà sílé, mo de bóòtù ìsàlẹ̀ sí 153 Nm, nọ́ọ̀tù mẹ́ta òkè sì jẹ́ 39 Nm.

Èyí tó ń han ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, torí òun ló ń ba ẹrù tuntun ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Búṣìn iwájú lower arm, ìyẹn rọ́bà tó ní irin nínú tó wà níbi tí apá náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, kì í yí bíi bẹ́ríǹgì. Tí a bá ti fún bóòtù rẹ̀, irin inú rẹ̀ há pátápátá, rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ nígbà tí apá bá ń lọ sókè sódò. Tí wọ́n bá fún un nígbà tí táyà ń rọ̀ lófuurufú, ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò lórí jáákì ni rọ́bà yóò ti lọ́, yóò sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru. Yóò máa han, yóò sì ya kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ayédèrú ni wọn yóò pè é.

Ẹnì kan ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i. Ọ́ìlì yóò pa ariwo náà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni rọ́bà yóò wú, tí yóò sì rọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo to pátákó nínípọn sílẹ̀, mo wa táyà iwájú gùn ún kí n lè ráàyè na sípánà wọlé. Mo dẹ bóòtù náà díẹ̀, mo tẹ orí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ léraléra kí apá náà lè wá ipò rẹ̀, mo wá fún un le nígbà tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ṣì wà lórí táyà. Mo ṣe apá kejì bákan náà.

Lẹ́yìn èyí mo gbé ọkọ̀ lọ fún alignment, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dúró gbọọrọ, torí àmì ọ̀dà kò tó láti gbára lé tí a bá ti tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Mo ti wà á gba ọ̀nà tó burú àti èyí tó dára, mo sì ti padà fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tù náà wò. Kò sí èyí tó dẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ní kí n dá padà náà ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.